Ẹ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yín sórí kọ̀ǹpútà? Ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hòsípítù kékeré, iléèwé aládàáni, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé búrẹ́dì àbí ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Takie títí dé Under G, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti ní òṣìṣẹ́ ogún, ogójì, tàwọn míì ti lé lọ́gọ́rùn-ún, síbẹ̀ fáìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ṣì ń lò, nóòtù kan wà ní géètì tí wọ́n fi ń sáìn wọlé, owó oṣù wà nínú Excel akáńtà, kéèyàn gba líìfù wá di ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Ni ẹnì kan bá wá láti Ìbàdàn àbí Èkó, ó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ní sọ́fítíwíà òun á jẹ́ kínú òṣìṣẹ́ yín máa dùn, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ó lè jẹ́ òótọ́ o, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló máa lé àwọn tó mọṣẹ́ jù nínú wọn lọ, ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi ṣe ló máa sọ.

Èrò tèmi ò gùn. Sọ́fítíwíà tí òṣìṣẹ́ fi lè rí àkọsílẹ̀ ara ẹ̀, tó sì lè fi sọ pé "èyí ò rí bẹ́ẹ̀ o" kẹ́nì kan dá a lóhùn, ara máa ń tu èèyàn níbi tírú ẹ̀ bá wà. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ń fi ṣọ́ òṣìṣẹ́, wàhálà lẹ fowó yín rà.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ má tíì béèrè iye tó jẹ́. Ẹ pe ẹni tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, Àǹtí tó wà ní ádímìn yẹn, ẹ fún un ní nóòtù kan, kó máa kọ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá torí ẹ̀ wá bá a sílẹ̀ fún oṣù kan péré. Kó má kọ orúkọ, ẹjọ́ ni kó kọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀: "Àǹtí, owó tó wọlé fún mi lóṣù yìí ò pé, kí ni wọ́n yọ?" "Líìfù mi ku ọjọ́ mélòó?" "Ẹ ní ẹ máa kọ́ńfáàmù mi látọdún tó kọjá, ibo lọ̀rọ̀ ọ̀hún dé?" "Owó pẹ́ńṣọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń yọ yìí, ṣé ó ń débẹ̀ ṣá?" Èyí tó bá pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè yẹn niṣẹ́ tí sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Tí ẹni tó wá tajà bá fi gbogbo ọ̀sán fi àwòrán mèremère hàn yín tí ò lè fi ojú ibi tí òṣìṣẹ́ á ti rí iye ọjọ́ líìfù tó kù fún un hàn yín, ẹ fún un lómi mu kó máa lọ.

Kí n tètè sọ èyí kó má baà di pé ẹ̀ ń retí ohun tí ò sí níbẹ̀. Ní 1959 ni Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí wọn jáde, wọ́n ti bá bí igba ẹnjiníà àti akáńtà sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tíṣẹ́ dùn mọ́ wọn àti ìgbà tó sú wọn, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ohun tó ń múṣẹ́ súni yàtọ̀ sí ohun tó ń múṣẹ́ wuni. Owó, òfin iléeṣẹ́, ìwà ọ̀gá, bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, táwọn yìí bá bàjẹ́ inú òṣìṣẹ́ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dára, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ò ju pé kó dákẹ́ ìráhùn. Ohun tó ń jẹ́ kó fẹ́ràn iṣẹ́ ni iṣẹ́ tó yọrí, kí wọ́n mọyì ẹ̀, kó máa ga sí i. Àwọn onímọ̀ kan ti bá a jiyàn lórí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà yìí mo rò pé ó jàre. Iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà lè ṣe ni kó mú ohun tó ń bí wọn nínú kúrò, pàápàá ọ̀rọ̀ owó àti ojúsàájú, kí orí nọ́ọ̀sì àbí tíṣà yẹn lè fúyẹ́ kó fi ráyè ṣiṣẹ́. Ìfẹ́ iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ọwọ́ yín ló ṣì wà.

Ẹ fi owó oṣù bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin náà rí i pé láti ìgbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti dé ní 2019 ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń retí owó wọn ní ọjọ́ 25 oṣù, àwọn kan tiẹ̀ ń pe ọjọ́ yẹn ní ọjọ́ GSM, ìyẹn Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Nígbà tí ìyàwó bá ti rí áláàtì ní 25, tí ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín wá ń fojú sọ́nà títí di ọjọ́ 7 oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí áàpù tó máa tan ìyẹn. Nítorí náà ẹ mú ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá kà á sẹ́yìn: tó bá jẹ́ 25 lẹ fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà ti ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ ní 18, ìyẹn ni pé ófátáìmù, iṣẹ́ alẹ́, owó tẹ́nì kan yá, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó di 18, ohun tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn di ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kéde ẹ̀ kí kálukú gbọ́.

Lẹ́yìn náà, péésílíìpù. Kó dé orí fóònù òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tówó bá wọlé, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, kó sì fi hàn níkọ̀ọ̀kan: iye tó yẹ kó gbà, ohun tí wọ́n yọ, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́, iye tó kù. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 sọ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà, òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin ọ̀gá á dá ìdá 10, ó kéré tán. Tí owó tí wọ́n fi ń ṣírò ti ẹnì kan bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 lẹ máa yọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀yin náà á fi ₦10,000 sí i, ₦18,000 yẹn sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ sanwó oṣù. Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ló mọ̀ pé wọ́n ń yọ ₦8,000, wọn ò mọ̀ pé ọ̀gá ń fi ₦10,000 sí i! Ẹ ń náwó, ẹ ò sì gbayì ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì hàn lórí péésílíìpù, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. (Tẹ́ ò bá tíì máa fi ránṣẹ́, ẹ lọ tún ìyẹn ṣe ná kẹ́ ẹ tó ra sọ́fítíwíà, torí gbangba ló máa gbé e sí.)

Ẹ bi àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà nípa owó orí pẹ̀lú. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí báyìí. Sọ́fítíwíà tó bá ṣì ń fi tábìlì àtijọ́ ṣírò ń yọ owó tí ò yẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó kékeré, ẹ jókòó ti ẹni tó ń tà á kó ṣí i kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tó dáàbò bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé, sọ pé àpapọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá yọ nínú owó ẹnì kan lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. Kọpuretífù, owó tó yá, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Ẹ ní kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kí sọ́fítíwíà pariwo tó bá ti fẹ́ kọjá ibẹ̀.

Líìfù, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́

Òfin Iṣẹ́ yẹn náà ló ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 léra wọn ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, owó ẹ̀ á sì pé. Ẹ lè fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Iye tó kù kó máa hàn lójú fóònù ẹ̀ nígbàkígbà, tó bá béèrè kó rí i pé ó ti dé ọ̀dọ̀ súpáfáísọ̀, kó rí ọjọ́ tó débẹ̀, tí súpáfáísọ̀ bá sì ní rárá, kí sọ́fítíwíà má jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ láìkọ ìdí. Ohun kékeré tó jọ pé kò jẹ́ nǹkan nìyẹn, àmọ́ òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Èèyàn lè gba "rárá" tó bá nídìí tó sì rí i pé bí wọ́n ṣe ṣe fún òun ni wọ́n ṣe fún lágbájá, èyí tí ò ṣeé gbà ni pé kí wọ́n dá a dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí èsì, kó wá gbọ́ pé ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mánéjà ti lọ Abuja fún ìgbéyàwó.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ka sí tó bá ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń sáré fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń pẹ́ débi iṣẹ́ ló ń bí wọn nínú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ rí nínú kọ̀ǹpútà tuntun yín ni ẹ̀rọ tó ń mú un, kò ní í gba ìyókù gbọ́ mọ́, kódà péésílíìpù tó dáa yẹn á máa wò ó bóyá ẹ̀tàn ni.

Tó bá wá tó àkókò ẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ò gbọdọ̀ fojú fò. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ máa ń já, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, bíríkìlà, ẹni tó ń fọ nǹkan pẹ̀lú ọṣẹ líle látàárọ̀ dalẹ́, àtàwọn tọ́jọ́ orí wọn ti lọ díẹ̀, ìka wọn kì í tètè wọlé. Màmá tó ń gbálẹ̀ á dé ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á máa tẹ̀ka títí aago méje á fi kọjá, ẹ̀rọ á wá kọ ọ́ pé ó pẹ́. Ẹ fún irú wọn ní nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n lè tẹ̀ tàbí káàdì. Iná ńkọ́? Tí NEPA bá mú iná lọ, ṣé ẹ̀rọ yẹn ní bátìrì, ṣé ó máa tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ara ẹ̀ títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi dé? Abiyamọ ńkọ́? Òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ, tó bá sì padà dé ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́yàn, tí sọ́fítíwíà yín ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni á máa kọ ọ́ pé ó sá níbi iṣẹ́.

Owó ìtanràn wá ńkọ́, ₦500 fún ẹni tó bá pẹ́? Òfin Iṣẹ́ ò gbà kẹ́ ẹ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é, ìyẹn ò ní kó dáa. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ̀wé kìlọ̀ fún un tó bá di àṣà, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ọ̀nà ibi tó ń gbé ni, torí ẹni tó ń wọ ọ̀kadà láti ẹ̀yìn ìlú wá lásìkò òjò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín.

Ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú tún jẹ́ ohun tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 kà sí dátà ẹlẹgẹ́. Ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbà á fún wọn kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ sọ ẹni tó lè rí i, ẹni tó bá sì ti fi yín sílẹ̀ lọ, ẹ ní ètò láti pa tiẹ̀ rẹ́. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ náà á fọkàn balẹ̀ tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó di àhesọ ní kàǹtíìnì.

Ẹni tó máa lò ó lójoojúmọ́

Fred Davis, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1989 pé ohun méjì ló ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀rọ tuntun lò, àkọ́kọ́, ṣé ó gbà pé ó máa ṣe iṣẹ́ òun láǹfààní, ìkejì, ṣé kò ní í ni òun lára. Ó ti pẹ́ tó sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo sọ́fítíwíà olówó ńlá tẹ́nikẹ́ni ò ṣí mọ́ ní ọ́fíìsì yíká ìlú, ẹ̀ẹ́ rí i pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló wọ́n. Nítorí náà ẹ má fi iPhone mánéjà dán an wò. Ẹ gba Tecno àbí itel tó ti fọ́ díẹ̀ lójú lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tí mẹ́mórì ẹ̀ ti kún, ẹ lo dátà, ẹ má lo Wi-Fi ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ wá ṣí péésílíìpù. Tó bá ń yí kiri títí, ẹ ti rí ohun tójú òṣìṣẹ́ máa rí. Ẹni tó ní fóònù tọ́ọ̀ṣì nìkan ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ó lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, àbí kẹ́ ẹ gbé táblẹ́ẹ̀tì kan síbì kan tí kò sójú ọ̀nà, níbi téèyàn á ti lè wo tiẹ̀ láìsẹ́ni tó ń yọjú.

Ẹ má kó gbogbo wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan kí àlejò kan máa fi òyìnbó kọ́ wọn. Ẹ mú ẹnì kan tára ẹ̀ yá mọ́ni ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀gá, ẹ kọ́ ìyẹn dáadáa, kó máa fi Yorùbá kọ́ àwọn tó kù níbi iṣẹ́ wọn. Pásíwọ̀ọ̀dù ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Mo mọ ibì kan tó jẹ́ pé ọmọ IT kan ló ń bá gbogbo ilé iṣẹ́ tẹ pásíwọ̀ọ̀dù, ọ̀rọ̀ owó oṣù gbogbo èèyàn wá di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri.

Ìyàtọ̀ yín, ẹ fi han sọ́fítíwíà

IPPIS lẹ máa fi kọ́gbọ́n níbí. 2007 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti fi sanwó àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti ojú kan, ó sì wúlò fún mímú àwọn òṣìṣẹ́ orí ìwé lásán jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní kò bá bí iṣẹ́ yunifásítì ṣe rí mu, ẹni tó lọ sabátíkà (líìfù ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti olùkọ́ yunifásítì), ẹni tó ń kọ́ni níbì kan tó tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbòmíì, àwọn àláwáńsì tó jẹ́ tiwọn nìkan. Ó wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yanṣẹ́ lódì ní 2020, nígbà tó sì di December 2023 ìjọba fọwọ́ sí i kí wọ́n yọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kúrò nínú ẹ̀. Yunifásítì LAUTECH tiwa jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kò sí nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣàjèjì nínú bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe nǹkan: dókítà tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣe alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kejì ẹ̀, tíṣà tẹ́ ẹ̀ ń san ìdajì fún lásìkò họ́lídé, àwọn tó ń gbowó ọ̀sẹ̀, ọmọ iléèwé pólì tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Kí ẹni tó ń tajà fi sọ́fítíwíà ẹ̀ ṣírò owó wọn lójú yín, kí nọ́ńbà tó jáde bá ti akáńtà mu. Lẹ́yìn náà ẹ lo ìwé àti kọ̀ǹpútà pọ̀ fún oṣù méjì àbí mẹ́ta. Akáńtà á kùn pé iṣẹ́ di méjì, ẹ fún un ní nǹkan diẹ̀ sí i fún àsìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ àpúráísà

Àpúráísà, ìyẹn yíyẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò, tó bá jẹ́ pé December nìkan lẹ ń ṣe é, ohun tí ẹnì kan ṣe ní November ló máa gbé e jù àbí tó máa gbé e ga, kò sẹ́ni tó rántí March mọ́. Ẹ jẹ́ kí súpáfáísọ̀ máa kọ gbólóhùn méjì péré lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó ṣe dáadáa àti èyí tó kù díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì láàyè láti fèsì sábẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn sọ́fítíwíà kan lè ka iye iṣẹ́ tẹ́nì kan ṣe lójúmọ́ kí wọ́n fi yàwòrán. Ẹ ṣọ́ra fún un. Tẹ́ ẹ bá ń fi iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì rí díwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀, á rí púpọ̀, bóyá ló máa jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ lo nọ́ńbà láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ má fi dájọ́.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀, ẹjọ́ owó oṣù mélòó ló ń wá lóṣù, ọjọ́ mélòó ni líìfù fi ń gba èsì, èèyàn mélòó ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oṣù tẹ́ ẹ gbé sọ́fítíwíà dé náà lẹ fi owó kún owó wọn, ẹ má wá sọ pé sọ́fítíwíà ló jẹ́ kínú wọn dùn o! Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bi wọ́n léèrè láìjẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ, ẹ rántí pé ẹ̀ka tó jẹ́ èèyàn mẹ́ta péré, kò sí àṣírí níbẹ̀, ẹ da ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ kẹ́ ẹ tó ka èsì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé

Lára àwọn sọ́fítíwíà tó wà, SeamlessHR wà ní Èkó, Zoho People jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà, Odoo sì wà tí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lè gbé kalẹ̀ fún yín, òun ní apá tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mi ò ní sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà. Ẹ béèrè bóyá náírà ni owó ẹ̀ àbí dọ́là, torí tó bá jẹ́ dọ́là, owó tẹ́ ẹ san lóṣù yìí lè máà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa san lóṣù mẹ́fà sí i. Ẹ béèrè bóyá orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń kà á, àti bóyá ẹni tó ti lọ ṣì ń jẹ owó. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ máa pè ní ọjọ́ 24 oṣù tí nǹkan bá dí, kẹ́ ẹ sì pè é wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìkẹyìn, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bẹ́ ẹ ṣe máa kó gbogbo àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ yín jáde sí Excel lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, owó oṣù, líìfù, lẹ́tà, gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá ní ó di ìgbà náà, ẹ wá ẹlòmíì.